Gbígbẹ ni à ń tà: òwò igi ìdáná níwájú ilé

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ gbọ́ ohùn yìí ná.

[Ó kan ẹ̀là igi méjì mọ́ra]

Kó! Kó! Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó dáa. Ẹ tún gbọ́ èyí.

[Ó kan méjì mìíràn mọ́ra]

Bù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbá iṣu tó ti rà nínú. Igi ayín ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o. Àwọn tó dún kó yẹn, láti oṣù kìíní ọdún ni wọ́n ti wà lórí búlọ́ọ̀kù tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí. Àwọn tó dún bù, àná ni wọ́n já wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì ti mọ ohun tí à ń tà. Kì í ṣe igi. Gbígbẹ ni à ń tà.

Ẹ̀bá títì tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìṣẹ́yìn ni ilé wa wà, igi ò sì wọ́n lágbègbè wa. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ẹlẹ́kọ fẹ́ dáná ní agogo márùn-ún ìdájí, igi gbígbẹ ló máa wá kiri, kò sì ní dúró ná an pẹ́.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ èyí. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo ra ẹrù píkọ́ọ̀pù kan, mo là á lọ́jọ́ kejì, mo dì í lọ́jọ́ kẹta, inú mi ń dùn. Ìyá alásè kan wá ra ìdì mẹ́wàá fún ìnáwó. Kò tíì tó agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tí ọmọlanke fi kó igi náà padà dé. Wọ́n ní omi ń hó lẹ́nu igi, ṣìì, ṣìì, ṣùgbọ́n omi ìrẹsì ò hó. Mo dá owó wọn padà. Mo tún bẹ̀ wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó tó ìdajì ìwúwo rẹ̀. Kí iná tó ráyè gbọ́ ti ìkòkò, ó ní láti kọ́kọ́ fa omi yẹn gbẹ. Ibi tí ooru ń lọ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni èéfín ti ń wá. Igi tó yẹ ní títà, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ. Ẹ má sì fojú kékeré wo èéfín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ohun ìdáná bà jẹ́ nínú ilé pa nǹkan bíi 3.2 mílíọ̀nù èèyàn lágbàáyé ní 2020. Igi gbígbẹ náà ń rú èéfín o, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré sí ti tútù. Ẹ máa sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ìta gbangba ni kí wọ́n ti dáná, tàbí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó sì ń jáde.

Torí náà, ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ rà á, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Àwọn àgbẹ̀ ń ṣán oko nígbà yẹn, ọkọ̀ ń ráyè wọ inú oko, ọyẹ́ sì ń bá yín ṣiṣẹ́ láìgba owó. Tí òjò bá dé, ẹ ó máa tà á nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wá èyí tí wọ́n máa rà.

Kété tó bá ti dé ni kí ẹ là á. Èèpo igi dà bí ọ̀rá tí wọ́n fi wé búrẹ́dì, kì í jẹ́ kí omi jáde. Ibi tí wọ́n ti gé e àti ojú tí àáké là ni omi ń gbà jáde. Tí ẹ bá fi ìtì sílẹ̀ láìlà, ọdún á yí po, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Tí ẹ bá ń là á, ẹ wo ibi tó ti sán lẹ́nu, ibẹ̀ ni kí ẹ fi àáké sí. Kí ọmọdé kankan má sì dúró lẹ́yìn yín.

[Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ igi]

Ẹ wo abẹ́ ibí yìí. Búlọ́ọ̀kù rèé, igi ò fara kan ilẹ̀. Tó bá fara kan ilẹ̀, ikán lẹ tà á fún. Ẹ wo àárín wọn, ọwọ́ mi ń kọjá, atẹ́gùn náà ń kọjá. Orí nìkan ni mo fi páànù bò. Mo ti rí ẹni tó fi tápólì wé tirẹ̀ yíká bí òkú, ìgbà tó tú u, olú ti hù lára rẹ̀. Ẹ má ṣe tò ó ti ògiri ilé. Tí iná bá ràn án, ilé á bá a lọ, ejò àti àkéekèé sì fẹ́ràn àlàfo yẹn. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti epo bẹntiróòlù. Ẹ má sì tò ó sórí gọ́tà tàbí kó yọ sí títì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á kó o lọ, ẹ̀bi yín ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ á sán, èèpo rẹ̀ á máa ṣí. Ṣùgbọ́n èyí tó dá mi lójú jù ni pé mo máa ń mú ẹ̀là kan, mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran tó wà lódìkejì, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwúwo rẹ̀ sí i lára. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń gbé e padà lọ. Ẹlẹ́ran ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ fi igi se ọbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ìwúwo yẹn ò bá lọ sílẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Lásìkò ẹ̀rùn, ẹ̀là tí kò tóbi lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta.

Igi ò dọ́gba. Ayín le, ó wúwo, ẹyinná rẹ̀ ń pẹ́. Ìwúwo rẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì ti arère. Arère á bú gbàmù, á sì kú. Kásíà dáa, tí wọ́n bá gé e, á tún rú. Agúnmaniyé náà ń rú bẹ́ẹ̀, mo ti fi ṣe ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Igi emi ńkọ́? Mi ò kì í rà á. Èso rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe òrí, ẹni tó bá gé e ti gé owó ẹlòmíràn. Àjákù pákó láti ọjà pákó, bíi ti Bódìjà n'Ìbàdàn, dáa fún ìfọ́nná, ṣùgbọ́n ẹ ṣa èyí tí wọ́n kùn lọ́dà kúrò. Òpó iná àtijọ́ tó dúdú tó ń rùn náà, oògùn ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, kò gbọdọ̀ dé ìdí oúnjẹ. Igi inú igbó ọba, ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín léèrè ìwé àṣẹ. Tí kò bá ní, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Kálukú ló ní tirẹ̀. Onígàrí ń fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè fà sẹ́yìn tàbí tì wọlé, torí bí iná bá bú, gàrí á jóná. Ẹlẹ́ja yíyan ń wá ẹyinná jẹ́jẹ́. Alásè ń fẹ́ ẹ̀là ńlá, ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ ẹtì ló ń wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè gbé e dé ibi ìnáwó. (Àwọn tó ní jọ́lọ́ọ̀fù orí gáàsì ò dùn tó ti orí igi, mo gbà pẹ̀lú wọn, ẹ má bá mi jà.) Gígùn kan náà ni kí ẹ gé e sí, kí ẹ sì ṣa èyí tó tẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn àgbà tó ní igi wọ́rọ́kọ́ ní ń da iná rú, ó jọ pé wọ́n ti di igi tà rí. Rọ́bà túúbù táyà ni mo fi ń dì í. Ẹni tó bá dá rọ́bà padà, mo ń fi ẹ̀là kan ṣe ènì fún un.

Ó ku owó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ dá yìí, ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹrù píkọ́ọ̀pù kan jẹ́ 60,000 náírà, owó ẹni tó là á 12,000, rọ́bà 3,000. Ó di 75,000. Ká ní ó di ìdì 150. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ìdì kan ná yín. Tí ẹ bá tà á ní 700, ó di 105,000, èrè jẹ́ 30,000. Ó dùn létí, àbí? Ẹ wá yọ ogún ìdì kúrò: èyí tí ikán jẹ, èyí tí ẹ dá ní ilé, èyí tí wọ́n gbà láwìn tí wọ́n ò tíì san. 91,000 ló kù, èrè ti di 16,000. Owó yẹn sì ti jókòó lórí búlọ́ọ̀kù fún oṣù méjì, mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má fi owó oúnjẹ tàbí owó ilé ìwé rà á. Ìdì tí ẹ bá dá ní ilé yín náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìdí ààrò tèmi gan-an ni mo ti mọ èyí.

Ẹ dákun, ojú ọ̀run ti ń ṣú níhà Ìṣẹ́yìn, atẹ́gùn sì ti ń ṣí páànù apá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ n lọ fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.