Ìtàn Omar nínú kíláàsì ní Kétu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti lísè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ẹ wo èédú ọwọ́ mi yìí. Irú rẹ̀ ni wọ́n ní Omar ibn Said fi kọ Lárúbáwá sára ògiri túbú ní Fayetteville, l'Amẹ́ríkà, nígbà tó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Àáfà Fúlàní ni. Fúta Tóòrò, ní Senegal òde òní, ni wọ́n ti mú un lẹ́rú lọ́dún 1807. Lọ́dún 2022, Rhiannon Giddens àti Michael Abels fi ìtàn rẹ̀ ṣe ọ́pẹ́rà, *Omar*, ní Charleston, ìlú tí ọkọ̀ ẹrú já a sí gan-an.

Eré tí wọ́n ń fi orin sọ ni ọ́pẹ́rà. Ọmọ Kétu tó ti wo Èfẹ̀, eré orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mọ́jú rí, kò sọ́rọ̀ àjèjì níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fi orin bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí Omar fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́dún 1831 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ojú ìwé 15 péré ni. Ó ní ọmọ ogun ńlá wọ ìlú àwọn, wọ́n pa èèyàn rẹpẹtẹ, wọ́n mú òun dé etí òkun, ọkọ̀ sì rìn fún oṣù kan àtààbọ̀. Ìgbà yẹn ni kí àwọn ọmọ tó wo eré, kí wọ́n máa fi bíírò sàmì sí ohun tí kò sí nínú ìwé. Julie tó ń ran Omar lọ́wọ́ nínú eré, àwọn tó ṣe ọ́pẹ́rà ló dá a sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè: kí nìdí tí eré fi nílò rẹ̀? Ẹ pẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́. Ibí lọmọ ti ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹlẹ́rìí àti akọrin.

Ẹ há èédú fún wọn, kí kálukú fi kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sára páálí. Ọwọ́ á dúdú, èédú á máa rún. Ọjọ́ 16 ni Omar lò nínú túbú yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn lọ sí Àkàbà Ìdènà, ibodè àtijọ́ ìlú wa. Ọmọ ogun Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n, ló fọ́ Kétu lọ́dún 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Ìlú kò tún dìde títí di 1894, lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì. (Ẹ rọra sọ ọ́ o. Ọmọ Fọ̀n wà nínú kíláàsì wa, ẹ̀bi baba ńlá kì í ṣe tiwọn.) Lẹ́nu ibodè yẹn, kí ọmọ kan sọ gbólóhùn Omar bíi pé ará Kétu ìgbà náà ló ń sọ ọ́: "Ọmọ ogun ńlá wọ ìlú wa."

Kí wọ́n wá lọ bi àwọn àgbà ilé: ta ni wọ́n mú lágboolé wa, ta ló padà, orin wo ni wọ́n fi rántí wọn? Ohun tí wọ́n bá gbọ́ bọ̀ ni wọ́n á fi kọ orin tiwọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.