Kí Wọ́n Tó Sọ Gíàbọ́ọ̀sì Kalẹ̀

ṢADÉ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Mọ́tò mánúwà, èyí tí awakọ̀ ń fọwọ́ yí gíà rẹ̀, ló délẹ̀ lónìí: kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà tó sì ń já a, gíà, àti ṣáàfù tó ń yí táyà.

DAYỌ̀: Àwọn ará Amẹ́ríkà lè ní kò kan àwọn, torí ọ̀tọ̀mátíìkì ló pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí wọ́n má tíì lọ. Ọ̀rọ̀ ṣáàfù àti bíárìn ẹsẹ̀, èyí tí táyà fi ń yí, ò yọ ọ̀tọ̀mátíìkì sílẹ̀.

ṢADÉ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí owó ti ń ṣòfò jù. Mọ́tò ń kùn, wọ́n ní gíà ni, wọ́n sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n gbé e padà, ariwo ò lọ.

DAYỌ̀: Torí pé wọn ò wádìí ohun tó ń yí ariwo yẹn padà. Ṣé títẹ kílọ́ọ̀ṣì ni? Ṣé gíà kan pàtó ni? Ṣé eré ni, àbí ìgbà tí ẹ bá yí sítíárìn? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ, láì tíì gbé sípánà.

ṢADÉ: Ká fi mọ́tò tó dúró bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gíà wà ní fíríì, ẹsẹ̀ ò sí lórí kílọ́ọ̀ṣì.

DAYỌ̀: Tó bá ń kùn, tó wá dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀, ẹ fura sí bíárìn input shaft, ṣáàfù tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíàbọ́ọ̀sì, torí ìgbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá di ẹ́ńjìnnì mú ni ṣáàfù yẹn ń yí. Tó bá jẹ́ pé títẹ̀ yẹn ló mú ariwo wá, release bearing ni, bíárìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì kó lè já.

ṢADÉ: Tó bá wá jẹ́ dísẹ́lì, tó ń ró gbàgà-gbàgà lójú kan, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń pa á, ẹ rántí dual-mass flywheel, kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo alápá méjì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì.

DAYỌ̀: Tí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ kalẹ̀ dandan, ẹ má ra bíárìn nìkan. Ẹ pààrọ̀ disc (awo kílọ́ọ̀ṣì), pressure plate tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ flywheel, àti release bearing pa pọ̀. Kí wọ́n wo seal (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) ẹ̀yìn crankshaft, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, dáadáa, torí tí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí disc tuntun náà á fi máa yọ̀.

ṢADÉ: Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀?

DAYỌ̀: Lójú ọ̀nà tó ṣófo, ẹ fi sí gíà kẹrin ní nǹkan bíi 30 máìlì ní wákàtí, kí ẹ tẹ tọ́tù wọlẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá fò sókè tí eré mọ́tò ò tẹ̀ lé e, ó ti ń yọ̀. Ẹ má ṣe é léraléra o, ẹ ó jó ìyókù rẹ̀.

ṢADÉ: Òdìkejì rẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì tí kò já. Gíà ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ó wá le koko nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ wá fi sí rìfáàsì. Tó bá ṣì ń han gìrììì, kílọ́ọ̀ṣì ò já tán.

DAYỌ̀: Tí títẹ kílọ́ọ̀ṣì léraléra bá jẹ́ kó sàn, atẹ́gùn ti wọ inú páìpù omi rẹ̀, tàbí omi náà ń jò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ike omi búréèkì náà ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń mu, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àmọ́ slave cylinder, ohun tí omi yẹn ń tì kí kílọ́ọ̀ṣì lè já, ti àwọn kan wà nínú ilé kílọ́ọ̀ṣì gan-an. Tíyẹn bá jò, sísọ gíà kalẹ̀ di dandan.

ṢADÉ: Bó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń han ńkọ́, ká ní gíà kejì?

DAYỌ̀: Synchro rẹ̀, òrùka tó ń mú kí eré gíà dọ́gba kó tó wọlé, ló ti jẹ. Ẹ ṣì wo ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì ná. Ẹ rí i dájú pé nọ́ọ̀tì ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí ń tú, kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó gbẹ ọ́ìlì tán, ẹ ò ní rí ibi da òmíràn sí. Lẹ́búlẹ́bú irin tó dà bí ẹrẹ̀ dúdú lórí mágnẹ́ẹ̀tì kò burú. Tó bá ń dán bíi wúrà nínú ọ́ìlì, bàbà synchro nìyẹn.

ṢADÉ: Ẹ tún jọ̀ọ́, ibi tí ìwé mọ́tò bá ti ní ọ́ìlì gíà oríṣi GL-4, ẹ má da oríṣi GL-5 sí i torí ẹnì kan ní nọ́ńbà tó ga ló dáa jù.

DAYỌ̀: Ó lè máa yọ̀ ju bí synchro ṣe fẹ́ lọ, àwọn kan sì ń jẹ bàbà.

ṢADÉ: Ó ti tó, ká bọ́ sí ṣáàfù.

DAYỌ̀: Ẹ wá pápá ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo, ẹ yí sítíárìn dópin, kí ẹ rọra máa lọ. Kẹ́-kẹ́-kẹ́ tó ń yára bí táyà ṣe ń yára, CV joint (oríkèé ṣáàfù) ti ìta, ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ni. Ti inú kì í ké bẹ́ẹ̀: mọ́tò á máa gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, á dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ṣíwọ́. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rímù wò. Tí gírísì bá ta sí i, rọ́bà tó bo joint ti ya. Tí ẹ bá tètè rí i, rọ́bà àti gírísì tuntun tó. Tí iyanrìn bá ti wọ̀ ọ́, odindi ṣáàfù ni.

ṢADÉ: Rọ́bà tó ya yẹn kò sì ní jẹ́ kó yege MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ti Ìlú Ọba. Kíkùn tó ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, àmọ́ tí kílọ́ọ̀ṣì àti gíà ò yí padà rárá ńkọ́?

DAYỌ̀: Bíárìn ẹsẹ̀, tàbí táyà tó jẹ ségesège. Òun ni wọ́n máa ń pè ní gíà! Ẹ fi fíríì sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà tó gbalẹ̀: tó bá ṣì ń kùn bákan náà, ẹ fi gíàbọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹ rọra yà sí ọ̀tún. Tó bá ròkè, ẹ fura sí ti òsì, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìwúwo mọ́tò ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí jáàkì, ẹ fi sítáńdì sábẹ́, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Ẹ yí i, kí ẹ fọwọ́ kan sípíríńgì. Bíárìn tó bàjẹ́ á máa gbọ̀n lábẹ́ ìka.

ṢADÉ: Àwọn bọ́ọ̀sì Hiace tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí ńkọ́, irú èyí tó kún Èkó?

DAYỌ̀: Tiwọn ní propeller, ṣáàfù gígùn tó ń gbé agbára láti gíàbọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn. Gbà! nígbà tí ẹ bá ń ti rìfáàsì bọ́ sí gíà kìíní, U-joint, oríkèé propeller, ni kí ẹ kọ́kọ́ mì. Kíkùn tó yàtọ̀ láàárín ìgbà tí ẹ tẹ tọ́tù àti ìgbà tí ẹ ṣíwọ́ jẹ́ ti eyín inú diff, àpótí gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

ṢADÉ: Ẹni tó bá wá pààrọ̀ ṣáàfù fúnra rẹ̀?

DAYỌ̀: Nọ́ọ̀tì àárín hub, ibi tí táyà so mọ́, tuntun ni kó fi. Ìwé mọ́tò náà ló máa sọ bó ṣe máa le tó. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ó ju 150 Nm (Newton-mítà) lọ, torque wrench, sípánà tó ń wọn líle nọ́ọ̀tì, ni kó lò. Kó má sì gbé mọ́tò sórí táyà yẹn kó tó fún un le, torí nọ́ọ̀tì yẹn ló di bíárìn pọ̀. Mítà díẹ̀ péré tí mọ́tò bá yí lè ba bíárìn tó dára jẹ́.