Bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wo afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì tí kì í yíjú kúrò lára ìràwọ̀ rẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o. Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo wà. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ni.

TRAPPIST-1e, pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po, la fẹ́ ṣe lónìí. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ débi pé a gbà pé ojú kan ṣoṣo ló ń kọ sí i. Ẹ wo bọ̀ọ̀lì tí wọ́n gbàgbé sórí ẹyín iná láìyí i: ẹ̀gbẹ́ kan ń jó, ìkejì ṣì tutù. Afẹ́fẹ́ ló lè bá wa gbé ooru lọ sẹ́yìn.

Ẹ ṣí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ pe ExoPlaSim, ètò tó ń fi ìṣirò ṣe àfarawé afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù lásán sì lè gbé e. Ẹ mú TLaquaplanet, ìyẹn èyí tí òkun bo gbogbo ara rẹ̀. Nínú configure, níbi tí a ti ń to ètò náà, ẹ kọ startemp (ìgbóná ìràwọ̀, ní Kelvin) 2600 àti flux (ìmọ́lẹ̀ tó ń dé pílánẹ́ẹ̀tì, ní wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan) 900. Ayé tiwa ń gba bí 1361. Ẹ fi pN2 (agbára náítírójìn inú afẹ́fẹ́, ní báà) sí 1, pCO2 (ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì) sí 0.0004.

Tí ẹ bá dé rotationperiod, iye ọjọ́ tí pílánẹ́ẹ̀tì fi ń yí ara rẹ̀, ẹ rọra. 6.1 ni kí ẹ kọ: ọjọ́ tó fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po náà ló fi ń yí ara rẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀ ní 1 rí. Kọ̀ǹpútà ò ké gbàjarè o! Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́, àwòrán rèǹtè-rente ló gbé jáde, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn ni. Èyí tó bá ń yí kíákíá, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pín sí.

Ó yá, ẹ tẹ run. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá parí, ó ń tọ́jú ibi tó bá a dé, nítorí náà bí iná bá lọ, ẹ má sunkún. Ẹ má ka ọdún láti mọ ìgbà tí ẹ ó dúró. Ooru tó ń wọlé látòkè àti èyí tó ń jáde, ṣé wọ́n ti dọ́gba? Ìyẹn ni kí ẹ wò.

Lójú ọ̀sán, lábẹ́ ìràwọ̀ gan-an, ẹ ó rí ìkùukùu tó nípọn, tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà bí agbòòrùn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jun Yang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èyí hàn ní 2013.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi inspect wo "ts", ìyẹn ìgbóná ojú ilẹ̀, kí ẹ wá ibi tó tutù jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òru. Bí ibẹ̀ bá tutù débi tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì fi lè dì, kò ní rí oòrùn tí yóò yọ́ ọ padà. Òru ni títí. Ẹ má dúró de ètò yìí kó kìlọ̀ fún yín. Ẹ gbé pN2 sókè, kí afẹ́fẹ́ lè gbé ooru dé ibẹ̀, kí ẹ tún un sáré látorí configure.