Ìtọ́jú Sáfà VPN Ilé-iṣẹ́: Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ní Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Gbígbé sáfà VPN kalẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, kò le. Fídíò rẹ̀ kún orí YouTube, ẹni tó bá mọ Linux díẹ̀ á sì parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ ọdún kejì ló le: akọ̀wé owó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ (àmì ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń wọlé) ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹni tó gbé sáfà kalẹ̀ ti kó lọ sí Èkó, ọ̀gá kò sì mọ iye ẹni tó lè wọlé. Ibẹ̀ gan-an la ó dúró lé lórí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtajà oògùn kan ṣe àpẹẹrẹ. Olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Adó, ó ní ẹ̀ka ní Ìkéré àti Ìkọ̀lé, oníṣirò owó rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní Ìyìn. Kọ̀ǹpútà kan ní Adó ló gbé gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà àti owó. Ẹni tó bá ṣí pọ́ọ̀tù 3389 (ẹnu ọ̀nà) ti Remote Desktop, ètò tí a fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, sílẹ̀ fún gbogbo ayé nítorí pé ẹ̀ka fẹ́ wọlé, ó ti ránṣẹ́ pe olè. VPN ló yẹ kó wà láàárín.

Níbo ni sáfà náà yóò wà? Ráútà tó ń lo síìmù kì í sábà ní àdírẹ́sì IP tirẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹ wọ inú ráútà yín, kí ẹ wo àdírẹ́sì WAN rẹ̀, èyí tó fi ń kan íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, kò sí ẹni tó lè kàn yín láti ìta, bó ti wù kí ẹ ṣe port forwarding (dídarí ẹni tó ń kàn láti ìta sí kọ̀ǹpútà inú) tó. Ẹ lè san owó fún àdírẹ́sì tí kì í yí padà, tàbí kí ẹ háyà sáfà kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí kọ̀ǹpútà Adó àti ti àwọn ẹ̀ka jọ máa lọ pàdé níbẹ̀. Ìkejì la fara mọ́. Iná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé BEDC ló ń mú un wá, kò ní pa sáfà náà, bí ti ọ́fíìsì bá tilẹ̀ kú. Sáfà tó ní RAM 1GB tó fún ogún ènìyàn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ibo ni sáfà náà jókòó sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di wàhálà ní Nàìjíríà. Bí sáfà yín bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè mú kí Ìkéré má rí Adó, bẹ́ẹ̀ wọn ò jìnnà síra wọn rárá. Bí ẹ bá rí èyí tó wà ní Èkó tí owó rẹ̀ kò ga jù, òun ni kí ẹ mú.

Ní ti ètò tí ẹ ó lò, WireGuard ni a máa kọ́kọ́ dábàá. Ó ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 5.6 ti oṣù Kẹta ọdún 2020, UDP 51820 ni pọ́ọ̀tù tí wọ́n sábà ń lò fún un, fáìlì rẹ̀ kò sì gùn. OpenVPN, ètò VPN mìíràn, wúlò níbi tí wọ́n bá dí UDP, nítorí ó lè gba TCP 443, ọ̀nà tí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. (UDP àti TCP jẹ́ ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà rìn.) WireGuard kò lè ṣe èyí. Ẹ má fi 192.168.0 tàbí 192.168.1 ṣe àdírẹ́sì inú VPN. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ló ń lo ìwọ̀nyẹn, oníṣirò owó tó wà ní Ìyìn yóò sì máa wá kọ̀ǹpútà Adó nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ mú ohun tí kò wọ́pọ̀, bíi 10.77.20.0/24.

Ó di ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. WireGuard kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló mọ̀, àwọn ìlà lẹ́tà gígùn tó jọ ara wọn lójú. Nítorí náà, lókè kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan nínú wg0.conf, fáìlì ètò WireGuard lórí sáfà, ẹ kọ ẹni tó ni ín, ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ fún un:

[Peer]
# Ìkéré, kọ̀ǹpútà kántà, oṣù Kẹta 2025
PublicKey = (kọ́kọ́rọ́ gbangba ti ẹ̀rọ yìí)
AllowedIPs = 10.77.20.11/32

Ìlà tó ní àmì # yẹn ni ẹ ó fi mọ ẹni tí ẹ fẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n bí SaveConfig = true bá wà nínú fáìlì náà, wg-quick, àṣẹ tó ń tan WireGuard tó sì ń pa á, yóò tún fáìlì kọ nígbà tó bá ń kú, gbogbo ìlà # á sì pòórá. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rọ kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń lo ọ̀kan, àwọn méjèèjì á máa lé ara wọn jáde, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó ṣe kí ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó fẹ́ wọlé ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi ti gbangba nìkan ránṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí a fi WhatsApp ránṣẹ́ ti di ti ẹnikẹ́ni tó bá mú fóònù náà lọ́wọ́.

Yíyọ ènìyàn kúrò ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá pa ìlà rẹ̀ rẹ́ nínú fáìlì nìkan, ó ṣì wà nínú ilé títí ẹ ó fi tún ètò náà gbé dìde. Bí ẹ bá sì lo wg set nìkan láti yọ ọ́, yóò padà wọlé lọ́jọ́ tí sáfà bá kú tó tún tàn. Ẹ pa á rẹ́ nínú fáìlì, lẹ́yìn náà ẹ pàṣẹ yìí, kò ní já àwọn yòókù:

wg syncconf wg0 <(wg-quick strip wg0)

Ẹ̀yin tó ń lo OpenVPN, ìwé ẹ̀rí ni ẹ fi ń wọlé, easyrsa revoke tó ń fagi lé e kò sì tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe gen-crl, tó ń ṣe CRL, àkójọ ìwé ẹ̀rí tí a ti fagi lé, kí ẹ gbé fáìlì crl.pem tuntun síbi tí sáfà ti ń kà á. Fáìlì yẹn ní ọjọ́ ìparí, ọjọ́ 180 ni easy-rsa máa ń fún un bí ẹ kò bá yí i. Tó bá ti kọjá, gbogbo ènìyàn ni sáfà yóò lé padà, àti ẹni rere àti ẹni tí wọ́n ti yọ. Àwọn èèyàn á máa tú ráútà palẹ̀, bẹ́ẹ̀ "CRL has expired" (CRL ti parí) ń bẹ nínú log, àkọsílẹ̀ sáfà.

Ní ọdún 2021, Colonial Pipeline tó ń gbé epo ní Amẹ́ríkà ti páìpù rẹ̀ pa nítorí àwọn olè tó wọlé láti inú àkáǹtì VPN tí wọn kò lò mọ́. Password nìkan ló ń ṣọ́ ọ, kò sí kóòdù kejì, irú èyí tó ń wá sórí fóònù. WireGuard náà kò ní kóòdù kejì nínú ara rẹ̀, torí náà ẹ fi sí orí ètò ìṣirò owó. Ẹ sì fi fáyáwọ́ọ̀lù (aṣọ́nà dátà) sórí sáfà kí Ìkéré má lè kan ju pọ́ọ̀tù ètò náà lọ. AllowedIPs (àdírẹ́sì tó ń gba inú VPN) tó wà lórí ẹ̀rọ ẹ̀ka kì í ṣe ààbò, ẹni tó ń lò ó lè yí i padà nígbà tó bá wù ú.

Àìsàn kan wà tí iná wa ń fà. Bátìrì kékeré CR2032 inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka kú, iná lọ, iná dé, déètì ti padà sí ọdún àtijọ́. WireGuard máa ń wo àkókò tó wà nínú ìkíni (handshake) ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń wọlé, kì í gba èyí tó ti pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. OpenVPN ní tirẹ̀ á ní ìwé ẹ̀rí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá wá ní kí gbogbo dátà gba inú VPN kọjá, kọ̀ǹpútà náà kò ní lè jáde lọ tún aago rẹ̀ ṣe, nítorí VPN kò ṣí. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ sì jẹ́ kí àdírẹ́sì 10.77.20.0/24 nìkan gba inú VPN. Dátà yín náà á tún pẹ́.

Bí ping bá ń lọ ṣùgbọ́n ojú ìwé ńlá kàn ń yí, ẹ sọ MTU (ìwọ̀n tó ga jù fún ìdì dátà kan) ẹ̀rọ ẹ̀ka di 1280 dípò 1420. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá kan sáfà tí wọn kò rí ara wọn, ẹ wò ó bóyá net.ipv4.ip_forward, tó ń jẹ́ kí sáfà gbé dátà láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, jẹ́ 1, kí ẹ sì wo fáyáwọ́ọ̀lù. PersistentKeepalive = 25, tó ń mú kí ẹ̀rọ máa ránṣẹ́ kékeré sí sáfà ní ìṣẹ́jú àáyá 25 kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà Adó àti ti ẹ̀ka. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ ó máa rí i nínú wg show pé "latest handshake" (ìkíni tó kẹ́yìn) kì í ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Èyí tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ti já.

Ẹnìkan béèrè pé kí ni ká ṣe bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà alágbèéká òṣìṣẹ́ ní gáréèjì. Ọ̀pọ̀ á sáré yọ kọ́kọ́rọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe wg show, kí ẹ tọ́jú ohun tó sọ sínú fáìlì, nítorí tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ náà, àdírẹ́sì tó ti wọlé kẹ́yìn àti àkókò rẹ̀ lọ nìyẹn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́, ẹ yí password òṣìṣẹ́ náà padà nínú ètò ìṣirò. Bí ìkíni kan bá wà lẹ́yìn wákàtí tí wọ́n jí i, tí ìsọfúnni oníbàárà sì lè ti bọ́ síta lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún Àjọ tó ń bójú tó o, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀. Fáìlì tí ẹ tọ́jú yẹn ni ẹ ó fi ka wákàtí náà.