Kí Ìkòkò Tó Gorí Iná: Ọ̀rọ̀ lórí Ọbẹ̀ Ẹran Ìgbẹ́ àti Ẹja Tútù

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè àti àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n wá jókòó tì wọ́n sọ ní Ẹ̀pẹ́. Wákàtí kan ni wọ́n fún mi, ọ̀yà nìkan sì jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Mo tún àwọn gbólóhùn kan tò, ṣùgbọ́n n kò yọ àwàdà inú rẹ̀ kúrò, nítorí àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ ni wọ́n bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ọmọ ọdẹ ni mí, ìyá ọkọ mi sì ta ẹja ní ọjà Olúwo níbí títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ilé bàbá mi ni mo ti kọ́ iná, ilé ọkọ mi ni mo ti kọ́ omi, ohun tí ó sì fún mi ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ níwájú yín nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: iṣẹ́ ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ àti ti ẹja tútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tán kí ìkòkò tó gorí iná. Bí a ṣe wi ẹran, bí a ṣe la inú rẹ̀, irú ẹja tí a nawọ́ sí nínú àwo ọlọ́jà, àwọn ni yóò sọ bóyá ọbẹ̀ yóò dùn. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti bàjẹ́, kò sí ata tí yóò bá wọn yanjú ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀yà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà lóde òní tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní oúnjẹ lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti gbé ọ̀yà kaná, wọn a da kọ́rì sí i, wọn a da táìmù sí i, wọn a fọ́ Maggi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a gún atalẹ̀ àti ayù mọ́ ọn, wọn a sì sọ fún wa pé àwọn ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Mo ti bi ọ̀kan nínú wọn léèrè rí pé kí ni òórùn náà fi ṣe é. (Ẹ̀rín.) Òórùn ìgbẹ́ yẹn gan-an ni a torí rẹ̀ na owó púpọ̀ sórí ọ̀yà nígbà tí adìẹ wà lọ́jà. Ẹni tí ó bá lé e lọ ti pa ẹran náà lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní ìbọn ọdẹ lọ́wọ́ tí a ó fi yìn ín.

Ṣùgbọ́n n kò sọ pé gbogbo òórùn ni ó dára. Òórùn méjì ni ó wà lára ẹran ìgbẹ́. Èkíní ni ti koríko àti ti èèpo igi tí ẹran náà jẹ dàgbà, òun ni adùn rẹ̀. Èkejì ni ti ìfun tí ó bẹ́, ti òrónro tí ó tú, ti irun tí kò jó tán, àti ti ẹran tí ó ti sùn lẹ́bàá ọ̀nà kí a tó rà á. Òórùn kejì yìí kì í ṣe ti ẹranko rárá, ti ọwọ́ ènìyàn ni, kọ́rì kò sì lè bo àṣìṣe ọwọ́ mọ́lẹ̀.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọ̀yà bọ omi gbígbóná láti bó irun rẹ̀ bí adìẹ. Ó ní omi ń bọ awọ, iná ń yan án, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí a bọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a yan. Yóò kó ẹ̀ka gbígbẹ jọ, yóò dúró kí ọwọ́ iná rọlẹ̀, yóò wá máa yí ẹran náà lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí àgbàdo, títí irun yóò fi di eérú. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ, kì í ṣe ojú rẹ̀, ha gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ìrù, títí dúdú náà yóò fi lọ tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dà bí ti ẹyin awó. Bí iná bá pọ̀ jù, awọ yóò là, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa kán sínú eérú. Owó ni ó ń kán lọ yẹn. Nípa àwọn tí wọ́n ń fi táyà ọkọ̀ wi ẹran, mo gbà pé táyà ni ó wù wọ́n jẹ.

Ibi tí ó le jù ni ìlà inú. Òrónro jẹ́ àpò kékeré aláwọ̀ ewé kan tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, kò sì tóbi ju ọmọ ìka lọ. Bàbá mi kì í gbìyànjú láti ya á kúrò lára ẹ̀dọ̀. Yóò fi ìka méjì gbé e sókè, yóò sì gé ẹ̀dọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Ó fẹ́ràn kí òun pàdánù ẹ̀dọ̀ tí kò ju èékánná lọ ju kí òun pàdánù gbogbo ẹran. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ní mo fẹ́ fi ìmọ̀ hàn, mo fà á, ó sì bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fọ ẹran náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sè é, mo gbé e fún wọn. Bàbá jẹ òkèlè mẹ́ta, wọ́n wò mí, wọ́n sì béèrè pé ṣé ewúro ni mo fi sè é. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lórí rẹ̀ títí tí wọ́n fi kú, èmi náà kò sì tún fa òrónro mọ́.

Bí a bá ti là á tí a sì ti gé e, àjà orí iná ló kàn. Iná tí kò lọ́wọ́, èéfín tí kò le, láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Igi tí ó ń ṣe oje kò dára fún un, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń korò. Ọ̀yà tí ó ti gba èéfín báyìí, omi púpọ̀ kọ́ ni a ó fi sè é. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a ó fi fọ eérú ara rẹ̀, a ó wá gbé e kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata rodo àti iyọ̀, a ó de ìkòkò, a ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí a bá fi sè é, ẹ má dà á nù: òun ni yóò wọ inú ẹ̀gúsí. Epo pupa, irú wooro, ìyere díẹ̀ bí ó bá wù yín, ó tó. Ẹni tí ó bá tún da nǹkan mìíràn sí i kò gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ tí ó ti ṣe láti àná.

Ẹtu àti àgbọ̀nrín yàtọ̀ sí ọ̀yà nínú ohun kan. Ẹran tí ó fi eré sísá ṣe ayé kì í ní ọ̀rá. Nítorí náà, bí a bá kọ́kọ́ dín in, yóò le bí awọ ìlù. Iná kékeré, omi, ìdérí, àti epo tí a kò ṣahun rẹ̀ ni yóò rọ̀ ọ́. Ti awó àgbà náà kò yàtọ̀.

Ó ku òkété, ẹni tí ó bá Ifá mulẹ̀ tí ó sì da Ifá. (Ẹ̀rín.) Àwọn kan ti yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ wọn nítorí ibà Lassa. Àrùn yẹn gba orúkọ rẹ̀ láti ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969, eku kékeré tí ó ń gbé inú ilé àti inú àká ni ó sì ń gbé e kiri ní pàtàkì. Òkété kọ́ ni eku náà. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ibi tí ewu wà: ọbẹ̀ tí ó hó dáadáa máa ń pa kòkòrò àrùn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ọwọ́ tí ó ní egbò la eku kò tíì dé ìdí iná. Ẹ rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó, tí àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́ jókòó ti ọjà wọn láìrí oníbàárà. Gbogbo ènìyàn ń wo ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ àti ọwọ́ ni ó yẹ kí wọ́n wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di egbò yín, ẹ má fi pátákó tí ẹ gé ẹran tútù lé lórí gé tòmátì. Ẹ ó rí i pé ibi kan náà ni mo tún padà sí: kí ìkòkò tó gorí iná.

Arákùnrin tí ó ń ṣọ́ àkókò ti gbé ìwé sókè sí mi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kù, n kò sì tíì dé etí omi. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ẹja.

Ìyá ọkọ mi kò kọ́ mí ní ọbẹ̀ ẹja. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi ní ọjà. Wọn a mú ìka mi, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ẹja. Bí ojú ibẹ̀ bá padà sípò, ó dára, bí ó bá dúró bí kòtò, a ó máa lọ. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta kí ó sì mọ́, ohun tí ó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ pupa. Ẹja inú yìnyín tí a ń pè ní òkú Èkó, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí ó jẹ́, n kò ní fi kún un.

Bí ó bá jẹ́ àrọ̀, iyọ̀ àti omi gbígbóná díẹ̀ ni a ó fi fọ ohun yíyọ̀ tí ó wà ní ara rẹ̀ kúrò. Ata ni kí ó kọ́kọ́ jinná pátápátá kí ẹja tó wọlé. Òbòkun tàbí àrọ̀ tí a gé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, edé tútù kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má fi ṣíbí rò ó. Ẹ di etí ìkòkò mú kí ẹ mì í. Mo jẹun rí ní ilé oúnjẹ kan létí òkun, n kò ní dárúkọ rẹ̀, edé tí wọ́n gbé fún mi ta padà sí eyín mi bí rọ́bà, wọ́n sì ní àwọn sè é dáadáa ni. Akàn ní tirẹ̀, kí ó wọ omi tí ó ń hó láàyè. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀ marúgbó àti pupuru àwọn ará Ìlàjẹ, àti ẹja tí àwọn Agùdà Èkó, ọmọ àwọn tí ó padà wálé láti Brazil, máa ń jẹ mọ́ fréjọ̀nù, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní ọjọ́ Ẹtì Rere, ṣùgbọ́n ìwé ti tún gòkè.

Ibi tí ó yẹ kí n ti jókòó nìyí. Ọmọbìnrin kan dìde ní ẹ̀yìn gbọ̀ngán, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ní kí a wo ojú ẹja, kí a tẹ ikùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Gamalin ni wọ́n fi pa á ńkọ́? Ṣé ojú rẹ̀ kò ní mọ́ ni?”

Gbogbo gbọ̀ngán pa lọ́lọ́. Mo fẹ́ dáhùn kíá, ẹnu mi kò sì yá. Ojú rẹ̀ yóò mọ́, ọmọ mi. Ikùn rẹ̀ yóò le. Oògùn kòkò ni Gamalin, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi ń pa kòkòrò orí kòkò kí àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sódò. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lindane, wà lára àwọn májèlé tí àpérò àgbáyé ti Stockholm fòfin dè lọ́dún 2009. Inú ọ̀rá ni ó máa ń sá sí, ọbẹ̀ tí ó hó kò sì lè mú un kúrò níbẹ̀. Nítorí náà mo ní láti gba ọ̀rọ̀ mi kan padà. Mo ti ń sọ láti àárọ̀ pé iṣẹ́ parí kí ìkòkò tó gorí iná, bí ẹni pé ojú ọ̀bẹ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ ti pẹ́ jù. Inú odò àti inú igbó ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan tí ó ti ń ta ẹja tipẹ́ ni ó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹja tí àwọ̀n mú máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, nítorí ojú àwọ̀n ni ó yàn án. Èyí tí ìwọ̀ mú ní àpá lẹ́nu. Èyí tí ìgèrè mú sábà máa ń wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí agbọ̀n kan tí ńlá, kékeré àti ọmọ wuuru dàpọ̀ nínú rẹ̀, oríṣiríṣi irú, láìsí àpá lára ọ̀kankan, kí ẹ bi ẹni tí ó ń tà á léèrè pé odò wo. Ó ní bí ó bá bínú, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fi kún un pé kí ẹni tí kò bá dá oníṣòwò kankan mọ̀ ra àrọ̀ tí ó ṣì ń jà nínú ọpọ́n.

Ti ẹran ìgbẹ́ náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ béèrè bóyá tàkúté ni tàbí ìbọn. Bí ó bá jẹ́ tàkúté, ẹ béèrè ọjọ́ tí ọdẹ náà lọ wò ó kẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé akíka wá bá yín, onípẹ́pẹ́ tí ó máa ń ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, ẹ má rà á: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó, láti ọdún 2017 ni òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, sì ti fòpin sí títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ìbọn, ẹ wá ojú ihò ọta, kí ẹ gé ẹran tí ó yí i ká sọnù, nítorí òjé wà nínú ọta, kò sì sí ìgbà tí òjé ń jinná.

Wọ́n ti ń gbé àwo wọlé báyìí. Ọ̀yà tí ó wà nínú ẹ̀gúsí yẹn, èmi ni mo wì í lánàá, ìbọn ṣakabùlà ni ó sì pa á. Mo yọ ọta mẹ́rin nínú rẹ̀. Ẹ rọra jẹ ẹ́, nítorí n kò lè búra pé kò sí ìkarùn-ún.