Vytautas Landsbergis: ọ̀kan nínú aṣòfin 732

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ti jọba kì í padà wá joyè lábẹ́ ẹlòmíràn, èrò yẹn ni mo sì gbé wá sí Lọ́ńdọ̀nù, títí mo fi mọ ìtàn Vytautas Landsbergis ti Lituéníà, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù.

Olùkọ́ ìmọ̀ orin ni, kó tó di aṣáájú ẹgbẹ́ ajàjàgbara Sąjūdis lọ́dún 1988. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1990, ilé aṣòfin Lituéníà yàn án ṣe alága, ìyẹn ni pé ó di olórí orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì kéde lọ́jọ́ náà gan-an pé àwọn ti gba òmìnira àwọn padà lọ́wọ́ ìjọba Sófíẹ̀tì. Aṣòfin 124 fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò takò ó. Mọ́sko, ìyẹn ìjọba Sófíẹ̀tì, dá epo dúró fún wọn. Lóru ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1991, ọkọ̀ ogun Sófíẹ̀tì ya bo òpó gogoro tẹlifíṣọ̀n ní Vilnius, olú ìlú Lituéníà, ènìyàn 14 sì bá a lọ. Inú ilé aṣòfin ni Landsbergis wà. Àwọn ará ìlú to búlọ́ọ̀kù kọnkéré yí ilé náà ká, wọ́n sì dúró nínú òtútù.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 1992. Ó du ipò ààrẹ ní 1997, ipò kẹta ló ṣe.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló wú mi lórí jù. Lọ́dún 2004, bí Lituéníà ṣe ń wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ó di ọ̀kan nínú aṣòfin 732 ní Ilé Aṣòfin Yúróòpù, tó ń jókòó ní Brussels àti Strasbourg, lẹ́ni ọdún 71. Ẹni tí odindi orílẹ̀-èdè ń dúró gbọ́ ohùn rẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú fún bó bá ń sọ̀rọ̀. Kò kà á sí ìtìjú. Ní 2005, ó ní bí Yúróòpù yóò bá fòfin de àmì Hitler, kí wọ́n de òòlù àti dòjé Sófíẹ̀tì náà mọ́ ọn. Wọn kò ṣe é, ṣùgbọ́n ó lo ọdún 10 níbẹ̀.

Ọdún 2004 yẹn náà ni èdè ìyá rẹ̀, tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò tó ìdá mẹ́wàá àwa tí à ń sọ Yorùbá, di èdè iṣẹ́ nínú ilé náà, tí ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo Yúróòpù. Abala 55 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fàyè gba Yorùbá ní ilé aṣòfin Àbújá, bí ètò bá ti wà fún un. Mo ṣì ń dúró de ètò náà.