Bí ẹ ṣe máa lo S àti M lára gíà ọkọ̀ ọ̀tọmátíìkì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Inú ọkọ̀ ni mo wà yìí, mi ò tíì tan ẹ́ńjìnnì. Mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọ̀pá gíà kí gbogbo yín lè rí i dáadáa. P, R, N, D: kò sẹ́ni tí kò mọ ìwọ̀nyẹn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ D yìí ńkọ́? Lẹ́tà S (sport lọ́pọ̀ ìgbà) tàbí M (manual, ìyẹn kí ẹ fọwọ́ ara yín yan gíà), pẹ̀lú àmì + àti −. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ ní ọkọ̀ wíwà ló ti ń wa ọkọ̀ tiwọn tipẹ́ tí wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Wọ́n gbà pé ti àwọn asáré ni. Mo mọ ohun tó fa èrò yẹn: Porsche gbé irú gíà yìí sínú ọkọ̀ 911 ní ọdún 1989, wọ́n sì pè é ní Tiptronic, ọkọ̀ eré sísá sì ni 911. Àmọ́ níbi tí mo ti ń lò ó jù lọ, eré kọ́ ni mò ń sá. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ rọra lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí n tó tan ẹ́ńjìnnì, torí òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ òní dúró lé. Kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ó mọ bí ẹ ṣe tẹ tọ́tù tó, ó sì mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀, kò rí iwájú. Kò mọ̀ pé títì fẹ́ dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ kọjá ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú yín. Ìgbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán ló máa ń pààrọ̀ gíà. Ẹ̀yin lẹ ní ojú. Tí ẹ bá wà ní M, ẹ lè wọ gíà tó yẹ kí ẹ tó débẹ̀.

Ó yá, ẹ mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín ná, torí wọn ò rí bákan náà. Tó bá jẹ́ S nìkan lẹ rí, tí kò sí + àti −, ẹ ò lè fọwọ́ ara yín yan gíà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ M, tàbí S tó ní + àti −, ẹ lè yàn án. Tó bá sì jẹ́ bọ́tìnì tí wọ́n kọ SPORT sí ni, ó lè kan sítíárìn náà, kó túbọ̀ le lọ́wọ́, yàtọ̀ sí gíà àti tọ́tù.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ àmì sí dáadáa. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, tí ẹ bá ti ọ̀pá síwájú, gíà á lọ sókè. Nínú BMW àti Mazda, ẹ̀yìn ni + wà, iwájú ni −. Ẹni tó bá ń gun ọkọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra gbọ́dọ̀ wò ó kó tó gbéra. Ti paddle kò le rárá, àwọn ewé kékeré méjì tó wà lẹ́yìn sítíárìn: tọ̀tún ni +, tòsì ni −.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn tó ń gun Toyota àti Lexus láàmú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, tí ẹ bá wà ní S tí dáàṣìbọ́ọ̀dù kọ 4, kò túmọ̀ sí pé gíà 4 lẹ wà. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kò ní kọjá gíà 4. Ó lè wà ní 2 tàbí 3 lábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀. Nítorí náà tí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ ń pààrọ̀ gíà láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un, kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń lo CVT, ìyẹn ọ̀tọmátíìkì tó ń yí geere láìní ìpele, kò ní gíà gidi tí ẹ lè kà ní tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló pín in sí ìpele kó lè jọ gíà. Ẹ lè lò ó bẹ́ẹ̀ náà.

Mo ti tan ẹ́ńjìnnì. Mo ń dúró kó gbóná díẹ̀, torí kò dáa kí èèyàn máa yí ẹ́ńjìnnì tútù lọ́nà líle, epo inú rẹ̀ ṣì ki.

A ti wà lórí títì báyìí. Mo wà ní D. Ẹ wo abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan: mo rọra tẹ tọ́tù, bó ṣe dé nǹkan bí 2,000, gíà ti lọ sókè. Mo wọ S. Ẹsẹ̀ mi ò yí padà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ti fò sókè, ẹ gbọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe yí. Nǹkan bí 3,000 ló tó wọ gíà tó kàn. S máa ń di gíà mú pẹ́, ó máa ń tètè já a wálẹ̀ tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, tọ́tù náà sì máa ń yá ju ti D lọ. Kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì o. Agbára tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ tètè rí. Epo tó ń jó sì pọ̀ sí i. Mo ń lò ó nígbà tí mo bá fẹ́ wọ títì márosẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré bọ̀, tàbí lójú ọ̀nà tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má wulẹ̀ lò ó. Ọkọ̀ á kàn máa fà yín síwá sẹ́yìn ni.

M ló kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò sí púpọ̀. Mo wà ní bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan, mo fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́, dáàṣìbọ́ọ̀dù sì kọ M3. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa tẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì sinmi síbi tó wà. Mo fọwọ́ kan + lẹ́ẹ̀kan: M4, abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Mo fọwọ́ kan −: M3, abẹ́rẹ́ gòkè. Tí ẹ bá ń gbé gíà sókè, kò pọn dandan kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Tí ẹ bá ń já a wálẹ̀, ẹ dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí abẹ́rẹ́ fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó já òmíràn.

Tí ẹ bá já gíà wálẹ̀ níbi tí eré ti pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà kò ní gbà. Á kàn ké pí-pí tàbí kó dákẹ́, gíà kò sì ní yí. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè jù lẹ ní láti ṣọ́ra: àwọn ọkọ̀ kan máa ń gbé gíà sókè fúnra wọn tí abẹ́rẹ́ bá kan ibi pupa, àwọn mìíràn á dúró síbẹ̀, wọ́n á máa já epo kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi tẹ +. Ẹ má sì ṣe ìdàkejì rẹ̀, kí ẹ wà ní gíà gíga tí abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ 1,500, kí ẹ wá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Ẹrù ti wúwo jù fún un nìyẹn.

A ti dé orí òkè. Ibí gan-an ni mo torí rẹ̀ ṣe fídíò yìí, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Títì já wálẹ̀ níwájú mi, ó sì gùn. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, mo dín eré kù sí ibi tí mo fẹ́ kó wà, mo wọ M, mo já a sí 3. Nísinsin yìí ni mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí méjèèjì. Ẹ wo abẹ́rẹ́: ó dúró ní nǹkan bí 3,000, kò gòkè, kò wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń di ọkọ̀ mú. Nínú ọkọ̀ òde òní, bí ẹsẹ̀ ò ṣe sí lórí tọ́tù yìí, kọ̀ǹpútà ti dá epo dúró. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá wọ N ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí àtifi epo pamọ́, ṣe ló ń jó epo láti fi dá ẹ́ńjìnnì sí, kò sì sí ohun tó ń di ọkọ̀ rẹ̀ mú mọ́ àfi bíréèkì nìkan. Ẹ má ṣe é láé.

Tí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, òkè náà ga ju gíà 3 lọ. Ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kí eré dín kù, kí ẹ wá já a sí 2. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé bíréèkì tí èèyàn tẹ̀ láì gbé ẹsẹ̀ kúrò láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń gbóná títí tí kò fi ní mú mọ́. DOT 3 àti DOT 4 ni ìpele tí wọ́n máa ń kọ sára ike epo bíréèkì. Epo bíréèkì DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ti DOT 4 sì jẹ́ 230°C. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí omi bá sì ti wọ̀ ọ́, 140°C àti 155°C ni òṣùwọ̀n wọn. Tó bá hó, atẹ́gùn á kún inú páìpù, ẹsẹ̀ yín á sì wọlẹ̀ láìsí nǹkan tó dá a dúró. Nǹkan kan tún wà: iná bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í tàn nígbà tó jẹ́ gíà ló ń dín eré kù. Tí ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́rẹ́ kó lè mọ̀.

Tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, tí D ń lọ 5, ó ń padà sí 4, ó tún ń lọ 5, ẹ fi M dì í sí 4. Ìpààrọ̀ yẹn máa ń mú kí epo gíà gbóná. Bí iná ìkìlọ̀ ooru epo gíà bá tàn, ẹ wá ibi tó dára dúró sí, ẹ wọ P, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ títí iná náà á fi kú.

Tí ẹ bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wà tí ẹ ó ti já gíà wálẹ̀, kí ẹ tó yà síta. Nínú D, ẹ ó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ọkọ̀ á rò ó díẹ̀ kó tó já gíà, ẹ sì ti wà lójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Nínú M, agbára ti dúró dè yín. Fún ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, mo máa ń fẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà láàárín 3,500 sí 4,000. Ti dísẹ́ẹ̀lì kéré sí i, torí ìsàlẹ̀ ni agbára tirẹ̀ wà.

Níbi tó bá ń yọ̀, ẹ máa rọra. Gíà tí ẹ bá já wálẹ̀ lójijì lè mú kí táyà yọ̀. Láti gbéra nínú ẹrẹ̀, ẹ wọ M2 tí ọkọ̀ yín bá gbà á, kí táyà má baà máa yí lásán.

Ẹ lè padà sí D nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, ẹ kò ní tẹ bíréèkì. Tó bá jẹ́ pé paddle lẹ fà nígbà tí ẹ wà ní D, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á padà fúnra wọn láìpẹ́. Nínú àwọn mìíràn, ẹ di paddle ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ wo dáàṣìbọ́ọ̀dù kí ó dá yín lójú pé D ló kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti máa ṣe é. Tí ọwọ́ yín bá ti mọ + àti − láìwò ó, ẹ lọ síbi gẹ̀rẹ́ kékeré. Ti kíkọjá ọkọ̀ mìíràn, ẹ fi í ṣe ìkẹyìn.